Ìwé Gbèsè Bàbá Ìjọ̀kà

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo ti rí i,
nínú agolo bisikíìtì tó ti dípẹtà,
láàárín awò ojú ẹlẹ́sẹ̀ kan
àti rìsíìtì owó ṣọ́ọ̀ṣì ọdún mọ́kànlélógún.
Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú. Ó ń run káńfọ̀.

Òṣómàáàlò ni bàbá bàbá mi,
Jeremáyà Ọ̀ṣúntógùn, tí àgbà tèwe ń pè ní Bàbá Ìjọ̀kà.
Ó gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti Iléṣà dé ilẹ̀ Àkókó,
ẹrù aṣọ lẹ́yìn, iyán àná nínú ewé,
òkè níwájú, òkè lẹ́yìn òkè.
Ẹ mọ iṣẹ́ náà:
o tajà láwìn lónìí,
o padà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta,
o lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè,
o fajúro, o kò mu omi rẹ̀,
títí owó yóò fi jáde.

Bàbá mi kò mọ bí a ti ń fajúro.
Yóò lóṣòó lóòótọ́.
Kò ní pẹ́ tí yóò fi bi ọmọ onílé ní orúkọ rẹ̀,
tí yóò fi bá ìyá arúgbó kan to igi sẹ́bàá ògiri.
Nígbà tí oòrùn bá fi dé àtàrí, ó ti bọ́ ẹ̀wù,
ó ti wà nídìí odó, ó ń bá ìyàwó onígbèsè gúnyán.
Gbèsè ṣì wà níbẹ̀.
Wọ́n kàn jọ jókòó yí i ká, wọ́n ń jẹun ni.

“Èèyàn lo lọ rà,” ni ìyá àgbà máa ń wí,
“aṣọ mi lo fi san owó wọn.”
Ó ń pariwo bẹ́ẹ̀, ó ń bu ọbẹ̀ fún àlejò karùn-ún.

Mo ṣí ìwé. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tẹ̀ bí ẹni ń gungi.

*Dáníẹ́lì ará Ọ̀kà, ọ̀pá mẹ́fà, ṣílè mẹ́jọ.
Ìyàwó rẹ̀ bí ìbejì. Mo fi ta wọ́n lọ́rẹ.*

*Ìyá Olóbì, Ọ̀gbàgì.
Ó kú lọ́jọ́ Ẹtì. Kò jẹ mí ní nǹkan kan mọ́.*

*Sàdíkù télọ̀, Ìkàrẹ́. Ó san.
Ó tún fún mi ní àgbébọ̀ adìẹ.*

Mo mọ àwọn orúkọ wọ̀nyí.
Ní ìdájí, lórí ẹní, nígbà tí mo wà ní kékeré,
mo máa ń gbọ́ wọn nínú àdúrà rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan,
mo sì máa ń sùn lọ kó tó kàn mí.
Mo rò pé ẹbí wa ni wọ́n.
Nígbà tó bá dé ibi tí Àdúrà Olúwa ti dárúkọ gbèsè,
ohùn rẹ̀ á lọ sílẹ̀, á wú ikọ́ díẹ̀,
bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibì kan.

Ṣọ́ọ̀ṣì kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sílé.
Aago méje ló ń jáde,
orin kejì ló ń bá.
Ta ni kò ní kí? Ọmọ ta ni ọ́?
Orúnkún ìyá rẹ ńkọ́? O ti jẹun?
Kódà lọ́dún tí ojú rẹ̀ di bàìbàì,
ìró bàtà ló fi ń mọ̀ wá lórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé.

Ojú ìwé tó kẹ́yìn. Ìlà kan péré, pẹ́ńsù ló fi kọ ọ́:
*Mo jẹ Sàdíkù ní àgbébọ̀ kan.*
Kò fa igi lé e.

Mo wà ní gáréèjì báyìí, aago mẹ́fà ààbọ̀,
ọkọ̀ Ìkàrẹ́ ku èèyàn méjì kó kún.
N kò mọ̀ bóyá Sàdíkù ṣì wà láyé, tàbí ọmọ rẹ̀ ni n ó bá.
Adìẹ wà nínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi,
ó yọrí, ó ń wò mí,
bíi pé òun náà fẹ́ bi mí pé
ọmọ ta ni mí.