Òkúta Kan Nínú Kajú

Àpò méjìlélógún ni wọ́n dá padà láti òkè òkun.
Wọ́n ní òkúta kan wà níbẹ̀, kò tó eyín ọmọdé.

Ní Sábẹ̀ẹ́, lábẹ́ àwọn òkè aláwọ̀ eérú,
ilé iṣẹ́ wa dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n gbá létí.
Ọ̀gá àná ì bá ti bú ramúramù pé, "Ta ni?"
Ì bá lé ẹnì kan lọ, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ọ̀gá Bíọ̀ fa àga, ó jókòó sáàárín wa:
"Ibo ló gbà wọlé?"

A tọ ipasẹ̀ òkúta padà sẹ́yìn,
lọ́dọ̀ aránpò, nídìí òṣùwọ̀n,
títí dé ìdí asẹ́.
Asẹ́ ti ya láti ìgbà ọyẹ́.
Mo mọ̀. Èmi Léóntíínì mọ̀.
Mo rò pé ẹni iwájú á sọ,
ẹni iwájú rò pé mo ti sọ.
"Kò kàn mí" ló fẹ̀ ju ihò asẹ́ lọ.

Nísinsìnyí, okùn pupa kan rọ̀ sókè tábìlì mi:
ẹni tó bá rí àbùkù, kó fà á, kí ẹ̀rọ dúró.
Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọwọ́ mi gbọ̀n.
Mo fà á,
nítorí irun kan ṣoṣo.
Gbogbo ojú yí sí mi.
Ọ̀gá wo irun náà, ó ní, "Ẹ ṣeun."

Ọdún kẹsàn-án mi rèé níbẹ̀.

Nílé, mo ń ṣa ẹ̀wà lẹ́ẹ̀kejì.
Ọmọ mi ní, "Ìyá, kò sí òkúta ńbẹ̀ mọ́."
Mo ní mo mọ̀.
Mo ń ṣà á lọ.