Ohùn Tí Ìyá Mi Fi Pamọ́

Nígbà tí wọ́n bí mi ní Gúámù, igbó ti dákẹ́.
N kò mọ̀ pé ó dákẹ́.
Ẹni tí kò jẹ iyọ̀ rí, kò lè sọ pé ọbẹ̀ tẹ́.
Mo rò pé bí igbó ṣe ń rí nìyẹn:
ewé, òjò, àti òwú aláǹtakùn láti igi dé igi,
tó ń lẹ̀ mọ́ni lójú.
Àṣé aláǹtakùn pọ̀ nítorí pé àwọn tó ń jẹ ẹ́ ti tán.

Ìyá mi, Tan Bátibárà, ló sọ fún mi
níbi tó ti ń rin àgbọn:
"Àárọ̀ ibí kì í jẹ́ ká sùn tẹ́lẹ̀.
Ko'ko' a máa sáré lábẹ́ igbó bí aparò tó jẹ gbèsè,
a máa ké, a máa ké.
Bàbá mi a sọ òkò sí i.
Ó kábàámọ̀ òkò yẹn títí ó fi kú."

Lẹ́yìn ogun ńlá ni ejò dé.
Kò ra tíkẹ́ẹ̀tì, kò dágbére fún ará ilé rẹ̀;
ó ká jọ sínú ẹrù àwọn sójà,
ó sùn, ó jí, ó bá ara rẹ̀ níbi tí ẹyẹ kò ti mọ̀ ọ́n.
Ẹyẹ tí kò mọ ejò kì í sá fún ejò.
Ẹyin kan lónìí, ọmọ méjì lọ́la,
láìpariwo, láìkánjú,
ó jẹ àárọ̀ wa tán láti gúúsù dé àríwá.
Nígbà tí ẹyẹ tán, ó gun òpó iná.
Ìlú ṣókùnkùn.
Ìgbà tí iná lọ ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ti lọ.

Iṣẹ́ tèmi ni pàkúté,
ọgọ́fà pàkúté lẹ́bàá ọgbà wáyà, lókè etí òkun.
Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, eku funfun kan nínú yàrá tirẹ̀,
tí ejò lè gbóòórùn ṣùgbọ́n tí kò lè fẹnu kàn.
Mo ń gé ọ̀dùnkún fún un. Mo máa ń kí i.
Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

Òkú eku la máa ń kó sórí igi nígbà mìíràn,
a ó ti fi panadó há a lẹ́nu,
panadó kan náà tí ìyá mi ń lò fún orúnkún.
Mo ti ká ejò kúrò lórí ẹ̀ka, ó tutù, ó fúyẹ́,
mo wò ó lójú: ìwọ náà kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kí wọ́n gbé ọ wá.
Àánú rẹ̀ ṣe mí. Kò dá ọwọ́ mi dúró;
ó kàn ní kí n má yọ̀.

Lóṣù Kẹta, Kitú gbé àpótí mẹ́fà dé.
Ko'ko' mẹ́fà, tí wọ́n bí sínú àgò,
tí wọ́n bí ìyá wọn sínú àgò,
tí òjò kò pa rí.
A ṣílẹ̀kùn. Wọn kò jáde.
Wọ́n ń wo ìta bí ẹni ń wo omi gbígbóná.

Ìyá mi jókòó lórí àga ike tí mo gbé sẹ́yìn mọ́tò wá.
Ó yọ eyín àtọwọ́dá rẹ̀, ó dì í mọ́ áńkáṣíìfù,
ó sú ètè jọ,
ó súfèé.
Kì í ṣe súfèé tí a fi ń pe ajá.
Ohùn kan tó ti wà lábẹ́ ahọ́n rẹ̀ láti ìgbà omidan,
tó ti há díẹ̀, tó ti ya díẹ̀,
tí kò sì sẹ́ni tó lè sọ bóyá ó ṣì rántí i dáadáa.

Ẹyẹ kan yọrí.
Ó fi ẹsẹ̀ kan kan ilẹ̀ tútù, ó gbé e padà, ó tún fi kàn án.
Kò dáhùn.
Ó kàn gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Lẹ́yìn mi, lẹ́bàá ọgbà, pàkúté kan dún pẹ́kẹ́.
N kò tíì lọ wò ó.
"Tún un ṣe," mo ní fún ìyá mi.
Ó tún un ṣe.