Afẹ́fẹ́ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Kà

Ọ̀nà Ọ̀dà, Àkúrẹ́. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.
Ọkọ̀ mi onítọ́bò ń súfèé lórí ìdúró.
Wọ́n ti ta pulọ́ọ̀gì fún mi, wọ́n ta sẹ́ńsọ̀,
kọ̀ǹpútà ṣì ń ké: epo kò tó.

Akíntàn kò fèsì.
Ó jí ẹ́ńjìnnì. Ìdérí ọ́ìlì kọ̀, kò ṣí;
ó fipá tú u,
ó fi ọ̀rá píọ̀wọ́tà bo ihò náà.
Ọ̀rá tẹ̀ wọnú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó.

“Rọ́bà pẹlẹbẹ kan ló ya.
Ó ń fa afẹ́fẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò kà,
kọ̀ǹpútà rò pé ebi ni, ó ń bu epo sí i.”

Mo rántí ìyá mi, ẹ̀bà lórí ẹ̀bà,
lọ́dún tí mo ń sunkún nǹkan mìíràn.