Òsì Ló Ń Ṣíwájú

Ludivina kò lè dìde mọ́.
Orúnkún rẹ̀ ti kọ̀ fún un láti ọdún ìjì ńlá,
tí òkun wọlé wá jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì,
tó kó ìwé àkọ́kọ́ lọ, pẹ̀lú adìẹ mẹ́rin àti ilẹ̀kùn.
Ìka méjì ló fi ń jó fún mi
lórí tábìlì, láàárín ife kọfí àti àwo ẹja gbígbẹ.
Mo ń kọ ọ́: ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, yí.

"Irọ́ ni," ni Teodulfo wí láti ẹnu ọ̀nà,
àwọ̀n yíya lórí itan rẹ̀.
"Òsì ló ń ṣíwájú nínú ijó akàn."
"Ìwọ tó jẹ́ pé ọparun lásán lo máa ń dì mú!
Ìgbà wo lo rí ẹsẹ̀ mi, àfi ìgbà tí o fi ọparun gbá a?"
Ó ká yẹ̀rì sókè, ó fi àpá hàn mí.
Ọrùn ẹsẹ̀ òsì.
"Ṣé ẹ rí i?" ni Teodulfo wí. "Òsì ló kọ́kọ́ wọlé."
Ludivina mu kọfí rẹ̀.
Mo pa ọ̀tún rẹ́.

Lẹ́yìn yíyí kẹta, ó ní, ibì kan wà
tí ẹnikẹ́ni kì í gbẹ́sẹ̀.
"Ẹ máa ń kà á dé iye mélòó?"
"A kì í kà á, ọmọ mi.
À ń dúró bí ẹni tó gbọ́ ọkọ̀ lókèèrè,
tí kò mọ̀ bóyá ọkọ òun ló wà níbẹ̀."
Fóònù mi gba ìdákẹ́ náà sílẹ̀:
ìgbì, àkùkọ aládùúgbò, èémí obìnrin kan.
Nínú ìwé, mo kàn fi àyè sílẹ̀ ni.

Nírọ̀lẹ́, ní àgbàlá ilé ẹ̀kọ́,
Junrel, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wọ àárín ọparun
pẹ̀lú ṣòkòtò bọ́ọ̀lù tó tóbi jù ú lọ.
Ọparun bù ú ṣán lẹ́ẹ̀kan. Kò sunkún.
Ó tún wọlé, òsì ṣíwájú,
ó yí, ó yí, ó tún yí,
ó wá dúró.

Èmi ò tíì sọ fún un pé kó dúró.
Ojú rẹ̀ wà lọ́nà òkun,
níbi tí bàbá rẹ̀ gbà lọ ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ẹrù,
oṣù kọkànlá rèé.
Àwọn tó di ọparun mú ń wò mí.
Mi ò kà á.