Ògbufọ̀ Kóòtù

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi dúró
láàrin àpótí ẹlẹ́jọ́ àti àga adájọ́ ní Ìyágankú,
tí mo ń yá ẹlòmíràn lẹ́nu.
Òfin ògbufọ̀ ni pé bí olè bá ní "mo,"
ìwọ náà á ní "mo."
Mo ti jí ewúrẹ́ gbé ní Òkè-Àdó,
mo ti fi ọ̀bẹ gún ọkọ mi ní Fókò,
mo ti ta ilẹ̀ kan ṣoṣo fún ènìyàn mẹ́ta,
n kò sì sun àgọ́ ọlọ́pàá lóru ọjọ́ kan.
Bó bá di ìrọ̀lẹ́, mo wọ mọ́tò, mo relé.

Àfi ìgbà tí Àwẹ̀ró, àbúrò mi, ránṣẹ́ pè mí sí Àpẹ́tẹ́.
Ìwé ti dé láti Hústìn, ojú ewé mẹ́tàdínlógún.
Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kà á sí mi létí. Ẹ má fo nǹkan kan."

Mo ka ìlà kìíní:
Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà dojú kọ Oyèlékè.
Ó ní kí n dúró ná.
"Odindi orílẹ̀-èdè? Pẹ̀lú sójà wọn, pẹ̀lú ọkọ̀ òfurufú wọn?
Oyèlékè yìí tí ikọ́ fée kò jẹ́ kó sùn títí ó fi pé ọmọ ọdún méje?"
Mo ní bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn.
Mo ka ẹ̀sùn àkọ́kọ́: jìbìtì orí wáyà.
"Wáyà wo? Ọmọ mi kò gun òpó iná rí."
N kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín pa mí.
Mo wá ọ̀rọ̀ fún ẹ̀sùn kejì títí ẹnu mi fi gbẹ,
mo ní, wọ́n lẹ̀dí àpò pọ̀.
Ó wò mí. "Àpò ta ni?"
Mo ṣí ewé.

Ẹjọ́ mìíràn wà lábẹ́ tìjọba, obìnrin kan ló pè é fúnra rẹ̀.
Lọ́rẹ́tà, opó, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin,
tó ń se oúnjẹ fún ilé ẹ̀kọ́ kan kó tó fẹ̀yìn tì.
Oṣù mẹ́rìnlá ni ọkùnrin kan fi bá a sọ̀rọ̀ ìfẹ́ lórí fóònù,
ẹnjinníà orí òkun, tí kò rí òkun rí.
Owó ìfẹ̀yìntì ló kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà, ilé.
Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ṣì máa ń gbọ́ ohùn náà,
pé ó máa ń bi òun bóyá òun ti jẹun,
pé kò sẹ́ni tó ń bi òun mọ́.

Àwẹ̀ró dákẹ́.
Ọdún kẹsàn-án rèé tí ọkọ tirẹ̀ ti kú.
Oyèlékè ló máa ń bi í bóyá ó ti jẹun.

Ilé náà wà nínú ìwé:
pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, Àpẹ́tẹ́, Ìbàdàn, géètì aláwọ̀ ewé,
kí wọ́n tà á, kí wọ́n kó owó rẹ̀ fún opó.
Èmi ni mo kun géètì ọ̀hún.
Èmi ni mo ka àpò sìmẹ́ńtì, tí mo ń fọwọ́ sí ìwé owó,
èmi tí mo gbọ́ ìbéèrè lọ́yà lójoojúmọ́ ayé mi,
n kò rí ẹyọ kan bi ọmọ náà.

Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́ta ọ̀sán,
aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ lọ́dọ̀ wọn.
Òjò ń na páànù.
Ìyàwó rẹ̀, ọmọ Jàmáíkà, pè láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kóòtù,
ó ní adájọ́ bi í, ó sì dáhùn, ọ̀rọ̀ kan péré.
Àwẹ̀ró gbá mi lápá mú.
"Kí ló wí?"

Kò sọ́rọ̀ tó mọ́ mi lẹ́nu tó o.
Mo lè ní, "Ó ní òun jẹ̀bi."
Òfin kò gbà á.
Mo ṣí fìlà.
"Mo jẹ̀bi," ni mo wí.
Òjò ò jẹ́ kó gbọ́.
Ó ní kí n tún un wí.