Bọ́tìnnì Kan Nínú Àpò Ṣòkòtò

Lọ́jọ́ Ẹtì ni Ìyá Oyèníran gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà wá,
ó ká a sínú láílọ́ọ̀nù bí ẹni gbé ẹja.
"Bá mi rán an," ó ní. Kò jókòó.
Ọrùn ya títí dé èjìká, bọ́tìnnì kejì ti já lọ.
Èmi ni mo rán aṣọ yẹn ní oṣù kẹsàn-án,
mo mọ ojú abẹ́rẹ́ mi bí mo ṣe mọ ojú ọmọ mi.

Mo béèrè. Ó kọ́kọ́ wo òpópónà.
Ó ní wọ́n ká lẹ́tà mọ́ Oyèníran lọ́wọ́,
ìwé ìfẹ́ tí ó kọ sí ọmọkùnrin kíláàsì tó kángun sí tiwọn.
Wọ́n kà á sókè ní gbàgede. Tíṣà ìṣirò rẹ́rìn-ín.
Lẹ́yìn náà, ilé ìgbẹ́ tí kò nílẹ̀kùn, àwọn mẹ́rin.
Ọmọ náà ò lọ sílé-ìwé mọ́;
etí rélùwéè ló ń jókòó sí lójoojúmọ́,
ó ń ka pákó abẹ́ irin,
bó bá kà á dé igba, á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí oókan.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo ń fọ aṣọ Mútíù.
Ọwọ́ mi kan nǹkan nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀,
róbótó, ihò mẹ́rin,
fọ́nrán òwú mi ṣì wà lára rẹ̀.

Omi ọṣẹ tutù mọ́ mi lọ́wọ́.
Mútíù tèmi, tí kì í jẹ ànàmọ́ tán
láìbu ti àbúrò rẹ̀ sílẹ̀.
Mo pè é. Mo na àtẹ́lẹwọ́ mi.
Ó wo bọ́tìnnì, ó wo ilẹ̀,
ó ní, "Ìyá mi, gbogbo wa la ṣe é,"
àfi bí ẹni pé ẹ̀ṣẹ̀ tí a pín sí mẹ́rin a máa fúyẹ́.

Nígbà tí ìpàdé òbí àti olùkọ́ pé,
ọ̀rọ̀ owó àga ni wọ́n ń sọ. Mo dìde.
Mo gbé bọ́tìnnì sórí tábìlì Alága.
Mo ní: Ẹ̀yin ará Ọ̀fà, ìjàkadì l'orò wa,
ta ló rí i rí kí ó jẹ́ mẹ́rin sí ẹyọ kan?
Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kanlẹ̀, ẹni tó dá a ní í na ọwọ́ sí i.
Èyí tí àwọn ọmọ wa jà, kí la ó pè é?

Alága ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò sí ní ilé-ìwé wa.
Mo ní ó wà, mo mọ ìwọ̀n ọrùn rẹ̀:
ínṣì mẹ́tàlá àti ààbọ̀.
Ọmọbìnrin kan náà wà tí ń gẹrun bíi ti ọkùnrin,
kì í mu omi láti àárọ̀
kí ìtọ̀ má baà gbé e dé ilé ìgbẹ́ yẹn.
Baba kan ní kí n lọ ka ìwé mímọ́.
Mo ní mo ti kà á, n ò tíì rí ojú ewé
tó ní ká na ọmọ ọlọ́mọ lórí ìgbẹ́.
Ẹnìkan pòṣé. Ẹni méjì jáde.

Mo bèèrè ilẹ̀kùn, pẹ̀lú ìdábùú nínú.
Mo bèèrè tíṣà kan tí etí rẹ̀ ṣí, tí ẹnu rẹ̀ dí,
tí ọmọ lè sá tọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó dé aṣọ.
Mo ní kí ẹ̀rín yẹn má ti ẹnu olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́.
Akọ̀wé kọ "ilẹ̀kùn" sílẹ̀.
Ó ní èyí tó kù, a ó máa wò ó.
Ìyá Sàkíná, tí a kò kí ara wa láti Iléyá èṣín,
ló kọ́kọ́ ju ẹgbẹ̀rún kan sórí tábìlì.

Ilẹ̀kùn ti wà níbẹ̀ báyìí, páànù tuntun, ó ń dún gbàù.
Mútíù ló bá wẹ́dà gbé e; mo dúró tì í.
Ó ti lọ sí etí rélùwéè lẹ́ẹ̀mejì.
Ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀, n kò bi í.

Mo ti rán bọ́tìnnì padà, òwú méjì ni mo fi dè é.
Ṣẹ́ẹ̀tì náà wà lórí ìkọ́ lẹ́yìn ẹ̀rọ mi,
láàárín aṣọ àwọn ọmọ tó kù.
Bí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá,
apá rẹ̀ a mì díẹ̀.