Ihò Mẹ́rin Lára Ilẹ̀kùn

Oṣù Kejì ni wọ́n kọ́kọ́ pè mí.
Yìnyín ń bọ́ bí ìyẹ́ adìẹ tí wọ́n ń tu.
Wọ́n ní, "Lindahl, mú síkúrúdiráfà rẹ,
gun àjà kejì lọ, yàrá igba lé mẹ́rìnlá,
kí o yọ àkọlé ẹnu ọ̀nà.
Àwọn aṣòfin dìbò lóru àná."

Mo yọ ọ́. Síkúrù bàbà mẹ́rin.
ILÉ ÌRÀNLỌ́WỌ́ FÚN ỌMỌ TÍ KÒ NÍ ÌWÉ ÌGBÉLÙÚ.
Mo fi ìwé ìròyìn wé e bí ẹni wé ẹja,
mo tì í sábẹ́ tábìlì mi níbi tí mo ti ń gbẹ́gi.
Ọmọbìnrin kan wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri,
Marisela Quintanar, báàgì lórí itan,
ó ń wò mí bí wọ́n ṣe ń wo dókítà
tó ń ka èsì àyẹ̀wò tí kò sọ̀rọ̀.
"Bàbá, ṣé mo ṣì lè wọlé?"
Mo ní ilẹ̀kùn ṣì ń ṣí.
Ilẹ̀kùn nìkan ni mo mọ̀.

Oṣù Kẹrin, adájọ́ kan lólú ìlú
ní kí òfin náà dúró ná.
Dúró ná! Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń sọ fún ajá mi.
Mo tú ìwé ìròyìn, mo dá àkọlé padà.
Ọ̀jọ̀gbọ́n Broyles se kọfí fún gbogbo àjà,
ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.
Àwọn ẹyẹ àkọ̀ ti padà sétí odò Plátì;
tiwọn ni kò sẹ́ni tó pè lẹ́jọ́.

Oṣù Kẹfà, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn:
adájọ́ yẹn ti kọjá àyè rẹ̀.
Mo yọ ọ́.

Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ni lẹ́tà àwọn agbẹjọ́rò máa ń dé,
aago márùn-ún ku díẹ̀,
bí ẹni pé òfin ń bẹ̀rù ọjọ́ Ajé.
Odette tó ń gbowó ilé-ìwé
kì í fi gègé kọ iye owó ọmọ kankan mọ́.
Pẹ́ńsùlù ló fi ń kọ ọ́.
Ó ti ra rọ́bà mẹ́ta láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn,
èérún wọn ń bọ́ sórí aṣọ rẹ̀,
orúkọ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ló ń gbọ̀n dànù.

Oṣù Kẹsàn-án, ẹjọ́ tún yí,
àmọ́ ìdajì ló yí.
Wọ́n ní kí n fi ayùn gé àkọlé,
kí apá òsì dúró, kí apá ọ̀tún kúrò.
ILÉ ÌRÀNLỌ́WỌ́ ló kù.
Fún ta ni? Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ.
Mo tọ́jú èyí tí mo gé.
Wọn ò ní kí n tọ́jú rẹ̀; wọn ò sì ní kí n má tọ́jú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti igi.
Igi ò mọ àre, kò mọ ẹ̀bi,
ohun tó mọ̀ ni pé wọ́n tún gbẹ́ òun.
Tí síkúrù bá wọlé, tó jáde, tó tún wọlé,
ihò á fẹ̀, kò ní di nǹkan kan mú mọ́.
Igi ìṣáná ni mo ń ṣẹ́ sí i, pẹ̀lú àtè.

Oṣù Kejìlá, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ̀rọ̀.
Wọ́n ní a jàre. Wọ́n ní gbogbo rẹ̀.
Mo so àjákù méjèèjì pọ̀, mo gbé e gòkè.
Kò sẹ́nì kankan nílẹ̀ẹ́lẹ̀.
Odette ní ó ti wà nílé ìpẹran láti oṣù Kẹwàá,
iṣẹ́ òru, pé foonù rẹ̀ ń dún, kò gbé e.
Lára ògiri, ibi tí orí rẹ̀ máa ń fara kàn
ṣì ń dán díẹ̀.

Síkúrù ò di igi mú.
Mo fọwọ́ méjèèjì ti àkọlé mọ́ ilẹ̀kùn,
mo dúró báyìí.
Àtè ò tíì gbẹ.